Pẹ́dà Tí A Kò Fi Epo Sí

Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n, ṣùgbọ́n tíráàkì 114 ni wọ́n kó orin kan ṣoṣo sí. Ọ̀kan ń lu ìlù jáàsì, ọ̀kan ń ta gìtá, ọ̀kan ń ta béèsì, ọmọbìnrin kan sì ń kọrin. Inú yàrá tí wọ́n ń sùn ni wọ́n ti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kálukú nílé tirẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wá bá mi ní Peckham pé kí n bá àwọn tún un ṣe kó dùn. Mo ṣí i. Ìlù nìkan gba tíráàkì 31. Gìtá kan náà ni wọ́n ta lẹ́ẹ̀mẹjọ, tí wọ́n tò ó léra wọn bí ẹni to iṣu sẹ́yìn ọkọ̀. Ohùn ọmọbìnrin yẹn wà níbẹ̀ lọ́nà ogún. Mo jẹ́ kó kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo wá àṣìṣe nínú rẹ̀, n kò rí. Mo wá àwọn ọmọ mẹ́rin náà, n kò rí àwọn náà.

Onílù wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọ́ńkù, ṣé kò dáa ni?"

Mo ní ó dáa. Mo wá bi í pé, "Ìwọ dà nínú ẹ̀?"

Kò rí èsì fọ̀. N kò sì bá a wí, torí ìbéèrè náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Òun ló wà nídìí àríyànjiyàn tí àwa tí a ń fi orin rọ́ọ̀kì jẹun kò tí ì jà tán: láàárín àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́, Led Zeppelin, Black Sabbath, Pink Floyd, Queen àti àwọn ẹgbẹ́ wọn yòókù, àti àwọn tó ń kọ ọ́ lónìí, ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù? Àgbà á ní orin ti kú. Ọmọdé á ní orin ò kú, etí àgbà ló di. Mo ti bá àgbà jókòó, mo ti bá ọmọdé jókòó, mo sì ti rí i pé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí kọ́ ló ya wọ́n.

Ọmọ onílù ni mí. Mushin ni wọ́n bí mi sí. Dùndún ni bàbá mi ń lù, kí n tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n sì ti gbé gúdúgúdú kọ́ mi lọ́rùn. Ní 1978 mo lọ kọ́ṣẹ́ ní sítúdíò kan ní Èkó. Ọmọọ̀ṣẹ́ ìgbà náà kì í fọwọ́ kan míkísà. Èmi ni mò ń ká wáyà, èmi ni mò ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń ra àkàrà fún àwọn olórin. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo gbọ́dọ̀ mú ìgò kékeré kan, irú epo tí àwọn aránṣọ ń kán sí máṣíìnì, kí n kán an sí àga onílù àti sí pẹ́dà tó fi ń lu ìlù ńlá. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ gbọ́ ìró kankan tí kì í bá ṣe orin. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé, pẹ́dà ń ké lábẹ́ orin jùjú tí wọ́n ń gbà sílẹ̀, wọ́n sì ní láti tún un ṣe látòkè délẹ̀. Ìgbátí tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ẹnìkan yá mi ní kásẹ́ẹ̀tì Led Zeppelin III, àwo tó jáde ní 1970. Orin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní "Since I've Been Loving You", orin búlúùsì tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo gbé etí lé e. Lábẹ́ gìtá, lábẹ́ ohùn Robert Plant, mo gbọ́ ọ: kín-ín, kín-ín, kín-ín. Pẹ́dà John Bonham ni. Kò sẹ́ni tó fi epo sí i. Mo dá kásẹ́ẹ̀tì padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gba etí mi gbọ́. Mo ní, àwọn òyìnbó yìí, pẹ̀lú gbogbo owó ọwọ́ wọn, ṣé wọn ò rí ọmọọ̀ṣẹ́ kan gbà ni? Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìró yẹn gan-an ló ń mú mi padà sídìí orin náà. Òun ló ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ènìyàn ló wà lórí irin yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì ni rọ́ọ̀kì jẹ́ fún ọmọ Mushin. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ti gbé ìlù wa lọ sínú àwo Drums of Passion ní Amẹ́ríkà ní 1960, nígbà tó sì di 1969, Santana ti fi gìtá oníná kọ ọ̀kan nínú àwọn orin inú rẹ̀. Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, fi mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà ní 1971, ó bá Fela ṣeré, ó sì kọ́ sítúdíò sí Ìkẹjà. Àwọn ọmọ wa mẹ́ta tó bá a ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ Salt, Berkley Jones, Laolu Akins àti Mike Odumosu, ló dá BLO sílẹ̀, àwo wọn àkọ́kọ́ sì dé ní 1973. Lọ́dún kan náà, àwọn ọmọ iléèwé St. Gregory's College ní Èkó tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ofege ṣe àwo Try and Love. Àwa tí a kéré sí wọn lọ́jọ́ orí ń wò wọ́n bí ẹni ń wo òrìṣà.

Ọdún 1973 yẹn náà ni ìtàn kan ṣẹlẹ̀ tí àwọn ọ̀gá mi ní sítúdíò kò yé sọ. Paul McCartney fẹ́ wá gba orin sílẹ̀ ní Èkó. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ bàálù ni onílù ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta gìtá ní àwọn ò lọ mọ́. Ó wá ku òun, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine. Wọ́n dé sítúdíò EMI ní Àpápá, ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kò ní ju tíráàkì mẹ́jọ lọ. Àwọn olè dá tọkọtaya náà lọ́nà lálẹ́, wọ́n gba téèpù tí wọ́n ti kọ àwọn orin náà sí. Fela tún fẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin wa gbé. Kí ni ọkùnrin náà ṣe? Ó fi orí rántí àwọn orin rẹ̀, ó jókòó sídìí ìlù fúnra rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Band on the Run ni àwo yẹn, ọ̀pọ̀ ló sì kà á sí ohun tó dára jù tó ṣe lẹ́yìn tí Beatles tú ká.

Bí mo ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́ ni ìtàn yẹn ń yé mi sí i. Èyí sì ni gbogbo ohun tí mo ní láti sọ nípa àtijọ́ àti òde òní: àìtó ló kọ́ àwọn àgbà níṣẹ́, àpọ̀jù ló ń dán àwọn ọmọ wò.

Ẹ wo àìtó àwọn àgbà bó ṣe rí. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì 1963, Beatles wọ Abbey Road láàárọ̀. Kó tó di aago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n ti gba orin mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwo wọn àkọ́kọ́, lórí ẹ̀rọ tíráàkì méjì péré. Òtútù mú John Lennon lọ́jọ́ náà. Orin tó máa fà á lọ́fun ya ni wọ́n fi sẹ́yìn pátápátá, torí wọ́n mọ̀ pé bó bá ti kọ ọ́ tán, kò sí ohùn mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ohùn tó ń ya lọ ni. Ní oṣù kẹwàá 1969, ọjọ́ kan ṣoṣo ni Black Sabbath fi gba púpọ̀ jùlọ nínú àwo wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀: wọ́n wọlé, wọ́n ṣeré bí wọ́n ti ń ṣe é nílé ọtí, wọ́n gbé gìtá wọn, wọ́n lọ.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, àìtó wọ inú ara gan-an. Tony Iommi, ọmọ Birmingham, wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ irin gé orí ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì fi ń tẹ okùn gìtá. Ó yọ́ ike ìgò ọṣẹ, ó fi mọ orí ìka fún ara rẹ̀. Ó wá okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn náà sílẹ̀ kó lè rọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Okùn tí wọ́n dẹ̀ máa ń wúwo lóhùn. Orin náà ń rìn bí erin. Àwọn ọmọ tó wà ní gbogbo ayé lónìí tí wọ́n ń dẹ okùn gìtá kó lè dún bí ààrá, ìka méjì tó gé ni wọ́n ń tọ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n mọ̀, bí wọn ò mọ̀.

Èmi ọmọ onílù, ìlù ló ń pa mí jù. Ní Headley Grange, ilé àtijọ́ kan ní Hampshire, wọ́n gbé ìlù Bonham sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nínú gbọ̀ngàn tí òrùlé rẹ̀ ga. Andy Johns tó jẹ́ ẹnjiníà wọn kò gbé makirofóònù mẹ́wàá yí i ká bí a ti ń ṣe lónìí. Méjì péré ló gbé, òkè àtẹ̀gùn lọ́hùn-ún ló sì fi wọ́n kọ́ sí. Ohun tó wọ inú makirofóònù wá di ìlù pẹ̀lú ilé. Ìró náà á gbéra nílẹ̀, á gun àtẹ̀gùn, á kan ògiri, á padà bọ̀. Ẹ gbé "When the Levee Breaks" sí i, inú àwo wọn kẹrin tó jáde ní 1971, ẹ óò gbọ́ ilé náà. Bí ẹ bá sì ní etí onílù, ẹ óò tún gbọ́ ohun kan: ìlù tó ń fi ọ̀pá lù máa ń dé díẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ẹ ti ń retí rẹ̀, bí àgbà ìlú tó mọ̀ pé ìpàdé ò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òun.

Bí mo bá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbí, àwọn àgbà á pàtẹ́wọ́ fún mi, ṣùgbọ́n irọ́ ni màá ti pa. Àtijọ́ náà mọ ẹ̀rọ lò. Ní 1975, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Queen fi ṣe "Bohemian Rhapsody" lórí ẹ̀rọ tíráàkì 24. Ohùn ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n ń kó léra wọn títí tó fi dún bí ìjọ ńlá. Téèpù náà lọ, ó bọ̀, lórí ẹ̀rọ títí ara rẹ̀ fi họ, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Inú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ni Tom Scholz ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ Boston tó jáde ní 1976, tí ó ń to ohun kan lé òmíràn bí àwọn ọmọ Peckham yẹn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sí àwọn ọmọ yẹn ni pé téèpù ní ibi tó ń tán sí. Kí wọ́n tó fi ohun tuntun lé e, wọ́n ní láti gbà pé èyí tó wà nílẹ̀ ti dára. Ẹni tó ní tíráàkì mẹ́jọ, ó di dandan kó pinnu. Ẹni tí tíráàkì rẹ̀ kò lópin, "tó bá yá a óò wò ó" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń fẹ̀sùn àdàkọ kan àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ìyá kan mẹ́ta àti ọ̀rẹ́ wọn kan láti Frankenmuth ní ìpínlẹ̀ Michigan dá ẹgbẹ́ Greta Van Fleet sílẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo rọ́ọ̀kì ní 2019, kò sì sí ibi tí wọ́n dé tí wọn kì í ti í sọ fún wọn pé Led Zeppelin ni wọ́n ń sín jẹ. Òótọ́ ni, ohùn jọ ohùn. Ṣùgbọ́n "When the Levee Breaks" tí mo ń yìn látàárọ̀, Kansas Joe McCoy àti Memphis Minnie, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú àwo ní 1929, lẹ́yìn omíyalé tó ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá odò Mississippi. Willie Dixon pe Led Zeppelin lẹ́jọ́ ní 1985 lórí "Whole Lotta Love", wọ́n sì parí ẹ̀ ní ìta kóòtù. Ẹni tó ń sọ pé ọmọ ń wọ aṣọ bàbá rẹ̀, kó bi bàbá náà níbi tó ti rí aṣọ. A máa ń ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ló ku Greta Van Fleet kù, ìyẹn sì wà lọ́wọ́ ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi kan lé e. Mo wà níbẹ̀ ní 1978. Orin tí kò dùn pọ̀ nígbà náà bí eṣinṣin. Àwọn àwo kan wà tí a gbà sílẹ̀ tí àwa tí a gbà wọ́n pàápàá ò fẹ́ gbọ́. Àádọ́ta ọdún ti fẹ́ àtijọ́ bí ìyá ti ń fẹ́ ẹ̀wà: afẹ́fẹ́ ti gbé ìyàngbò lọ, ẹ̀wà ló kù nínú atẹ. Orin òde òní, a ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ú ni, tòun tèèpo ló wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gbé atẹ kan tí wọ́n ti fẹ́ wé òkìtì tí wọn ò tí ì fẹ́, ó rẹ́ àwọn ọmọ jẹ.

Síbẹ̀, nǹkan yí padà, mo sì fojú mi rí i bó ṣe ń yí. Nígbà tí Pro Tools dé ní 1991, tíráàkì mẹ́rin péré ló ní, àwa tí a wà nídìí téèpù sì fi rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi di ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ náà kò wulẹ̀ fún wa ní àyè sí i. Ó jẹ́ ká máa rí ìró lójú. Tẹ́lẹ̀, etí la fi ń mọ̀ pé onílù sáré. Nísinsìnyí ìlà wà lójú kọ̀ǹpútà bí ìwé ìṣirò, gbogbo ìlù tí kò bá bọ́ sórí ìlà, ó di ẹ̀ṣẹ̀. A lè gé e, ká gbé e síbi tí ìlà ní kó wà. Kí onílù má baà dẹ́ṣẹ̀ láti ilẹ̀, a fi kílíìkì sí i létí, aago tó ń ka ìṣísẹ̀ fún un, pọ́n, pọ́n, pọ́n, tí kì í rẹ̀, tí kì í yọ̀.

Bàbá mi ìbá rí kílíìkì, wọn ìbá bínú. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ mi ní gúdúgúdú, iṣẹ́ mi ni pé kí n dúró sójú kan kí ìyáàlù lè rí ibi sọ̀rọ̀ lé. Gúdúgúdú kì í sáré, kì í falẹ̀. Mo wá rò pé bí mo bá ti ń kà á lọ́kàn, ó parí. Wọ́n ní, "Ìlù kì í ṣe aago. Aago kì í wo ojú oníjó." Lóde ìnáwó kan ní Ìdí-Ọ̀rọ̀, ìyá ìyàwó bọ́ sójú agbo, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, bàbá mi fi ojú kan ṣoṣo wò mí, èmi àti àwọn onílù yòókù sì yí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹja inú omi. Kò sẹ́ni tó kà á. Ìyá náà mọ̀, ó sì ná owó lé wa lórí.

Bí a ti gbé ìlù sórí ìlà, bẹ́ẹ̀ la ń gbé ohùn sókè. Àwọn tó ń ta àwo fẹ́ kí tiwọn ké ju ti ẹlòmíràn lọ lórí rédíò. Bí ẹ bá wo orin àtijọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ẹ óò rí òkè, ẹ óò rí àfonífojì. Nígbà tí Metallica gbé Death Magnetic jáde ní 2008, àwọn orin inú rẹ̀ dà bí odi bíríkì lójú kọ̀ǹpútà, kò sí òkè, kò sí ilẹ̀, ìró sì ń fọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tó fẹ́ràn wọn fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tún un ṣe, torí wọ́n ti gbọ́ àwọn orin kan náà nínú eré orí ẹ̀rọ Guitar Hero níbi tí wọ́n ti ń mí. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni í ya. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ kí iná mànàmáná tó dé.

Sùúrù náà ti ń lọ. Nínú "Stairway to Heaven", ìlù ò dé rárá títí orin fi kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nínú "Shine On You Crazy Diamond" ti Pink Floyd, èèyàn lè wẹ̀ kó sì wọṣọ tán kí wọ́n tó la ẹnu kọrin. Lónìí, Spotify kì í ka orin kan sí èyí tí ẹnìkan gbọ́ àfi tó bá pé ìṣẹ́jú àáyá 30. Ọmọ tó mọ̀ pé owó òun bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ta ló máa sọ fún un pé kó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pe onílù?

Àwọn tó ń bú àwọn ọmọ kì í wo àpò wọn. Ní ayé Zeppelin, ẹgbẹ́ olórin lè gba odidi ilé kan ní ìgbèríko, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa jẹun pọ̀, kí wọ́n máa pariwo títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rin tèmi yìí, ọ̀kan ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri, ọ̀kan ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, yàrá tí wọ́n ń sùn ni sítúdíò wọn, aládùúgbò á sì kan ògiri bí wọ́n bá lu ìlù lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé ọtí tí mo ti bá àwọn ẹgbẹ́ ṣe sáùǹdì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ti di ilé gbígbé. Abájọ tí Royal Blood fi jẹ́ ènìyàn méjì péré, béèsì kan àti ìlù kan, tí béèsì ọ̀hún ń ké bí gìtá mẹ́ta. Abájọ tí Kevin Parker, ọmọ Perth ní Ọsirélíà, fi ń dá gbogbo Tame Impala ṣe fúnra rẹ̀, ìlù, gìtá, ohùn, gbogbo ẹ̀, tó sì ń dùn. N kò lè fi ojú kéré ìyẹn. Nígbà tèmi, ọmọ tó dá wà bẹ́ẹ̀, àlá ni àwo rẹ̀ ì bá jẹ́.

Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n lówó láti ra àpọ̀jù, àìtó ni wọ́n yàn. Jack White àti Meg White, ènìyàn méjì tí wọ́n ń jẹ́ White Stripes, wá sí Toe Rag, sítúdíò kan ní Hackney tí kò jìnnà sọ́dọ̀ mi, ní 2002. Tíráàkì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, wọn ò fi kọ̀ǹpútà kan an rárá. Elephant ni wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ní 2003. Orin tí ìró béèsì inú rẹ̀ ti di orin pápá bọ́ọ̀lù káàkiri ayé, "Seven Nation Army", kò ní béèsì kankan nínú: gìtá ni wọ́n fi pẹ́dà tó ń yí ohùn gìtá padà fà wálẹ̀. Meg White kì í lu ìlù bí àwọn onílù ńlá. Ó ń lu ìwọ̀nba tó mọ̀, orin náà sì rí àyè mí. Ní 2010, Dave Grohl, tó lówó láti ra sítúdíò tó bá wù ú, kó Foo Fighters wọ gáráàjì ilé rẹ̀, wọ́n gba Wasting Light sórí téèpù, wọ́n sì gé téèpù yẹn sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó kọ́kọ́ ra àwo náà.

Ọmọ Èkó kan pẹ̀lú wà nínú rọ́ọ̀kì òde òní. Tony Allen, tó bá Fela lu ìlù fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ ẹgbẹ́ The Good, the Bad & the Queen pẹ̀lú Damon Albarn ti Blur àti Paul Simonon ti The Clash; àwo wọn jáde ní 2007. Mo gbọ́ wọn. Àwọn òyìnbó yẹn ń ṣe orin Lọ́ńdọ̀nù tó ṣókùnkùn bí òfuurufú ibẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún náà sì jókòó sẹ́yìn, kò pariwo, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì. Ní gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ sáré, ìlù á fà á lẹ́wù. Mo ní, bàbá mi nìyí, nínú rọ́ọ̀kì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Peckham.

Mo ní kí àwọn ọmọ yẹn pa kọ̀ǹpútà. Mo kó wọn sí yàrá kan ṣoṣo, mo tò wọ́n yípo kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn, mo yọ kílíìkì létí onílù. Makirofóònù mẹ́ta ni mo gbé sí ìlù. Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tí ì lù ú láìsí kílíìkì rí o." Mo ní kó fi ojú rẹ̀ dípò etí.

Èyí àkọ́kọ́ tú ká. Ó dé ègbè, ọmọ náà sáré bí ẹni tí ajá ń lé, onígìtá dáwọ́ dúró, ó wò ó tìbínú-tìbínú. Èkejì falẹ̀. Ẹ̀kẹta, mo rí i tí ọmọ tó ń ta béèsì ń wo ẹsẹ̀ onílù lórí pẹ́dà. Mi ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó di ẹ̀kẹfà, ó ti rẹ̀ wọ́n, ó sì ti sú wọn láti máa dára. Ọmọbìnrin tó ń kọrin gbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ó rẹ́rìn-ín, onílù rí ẹ̀rín yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì gbé ègbè náà sókè. Gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà. Orí àga mi ni mo jókòó sí, irun apá mi dìde. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà: orin tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlù 96 láàárín ìṣẹ́jú kan ti di 100 nígbà tó dé ègbè. Onígìtá bi mí bóyá mo lè bá àwọn nà án tọ́. Mo gbé "When the Levee Breaks" sí i fún un, mi ò sọ̀rọ̀.

Tíráàkì mẹ́rìndínlógún ni orin náà gbà nígbà tí a parí. Láti inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọn, mo mú gìtá kan àti ohùn méjì padà wọlé, torí wọ́n dára, torí ọgbọ́n àwọn ọmọ náà wà nínú wọn, n kò sì ní jẹ́ kó sọnù nítorí pé èmi dàgbà. Nǹkan kan ló kù. Níbi tí orin ti rọlẹ̀, tó ku ohùn ọmọbìnrin yẹn nìkan, àga onílù ké. Kín-ín. Ó hàn gbangba. Ara mi rántí Mushin kí ọpọlọ mi tó rántí. Mo ti ṣí dúrọ́ọ̀, mo ti mú ìgò epo máṣíìnì kékeré tí mo ṣì ń tọ́jú síbẹ̀, mo ti dìde pé kí n kán an sí àga náà ká tún ibẹ̀ gbà.

Ọmọ yẹn na ọwọ́ dí mi lọ́nà. Ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Èmi nìyẹn."

Mo dá ìgò epo padà sínú dúrọ́ọ̀.